Ìwo àti Ìwo-Eegun: Ìṣòro Ìperí Kan Nínú Ìmọ̀ Ohun-Èlò Iṣẹ́-Ọnà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ kí a fi pe ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní antler ní èdè Yorùbá. Ohun líle ẹlẹ́ka ni, tí ó máa ń hù ní orí akọ àgbọ̀nrín àwọn ilẹ̀ Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà. Láti ayébáyé ni àwọn oníṣẹ́-ọnà ti ń fi ṣe òòyà, èèkù ọ̀bẹ, orí ọ̀kọ̀, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Àwọn atúmọ̀ èdè wa kì í ronú lé e lórí rárá. "Ìwo" ni wọ́n ń kọ, wọn a sì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ fún horn, èyíinì ni ohun tí ó wà ní orí màlúù, ewúrẹ́ àti ẹfọ̀n. Nínú ìtàn àròsọ tàbí nínú ìwé orin, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìwé tí a fi ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀ràn mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó máa ń wà nínú ìwé ìtọ́ni: "Se ìwo náà nínú omi híhó títí yóò fi rọ̀, kí o sì fi irin pẹlẹbẹ méjì tí ó gbóná tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ." Bí ó bá jẹ́ ìwo màlúù ni, ìtọ́ni gidi ni èyí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwo àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù, kò ní rí ohun pẹrẹsẹ kankan. Bí ó bá sì sè é pẹ́, ohun tí yóò bá nínú ìkòkò ni omi tí ó ki bí omi eegun, àti ìwo tí agbára rẹ̀ ti tán, tí yóò máa rún bí ẹfun. Ọmọ iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fún un ni ó ṣì í lọ́nà.

Ohun tí "ìwo" ń tọ́ka sí

Bí a bá wo bí àwọn Yorùbá ti ń lo "ìwo" fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í sọ ohun tí a fi dá nǹkan. Ibi tí nǹkan wà àti bí ó ti rí ni ó ń sọ. Ohunkóhun tí ó bá yọ gọngọ láti orí ẹ̀dá, ìwo ni. Ìwo àgbò ń bẹ, ìwo ẹfọ̀n ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìwo ìgbín náà ń bẹ. Ẹran rírọ̀ ni ìwo ìgbín, tí a bá fi ìka kàn án, yóò sá wọlé. Kò sí ẹni tí ó lè fi í ṣe èèkù ọ̀bẹ, síbẹ̀ ìwo ni a ń pè é, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èdè Yorùbá kò lè wo inú ohun kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ohun funfun gígùn tí ó yọ síta lẹ́nu erin, tí àwọn agbẹ́gilére àti oníṣẹ́-ọnà Ọ̀wọ̀ fi gba òkìkí, eyín erin ni a ń pè é, kì í ṣe ìwo erin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ síta ju ìwo lọ. Eyín sì ni ní tòótọ́. Ohun tí a rí, tí a gbẹ́, tí a fi ọwọ́ kàn láti ìran dé ìran, orúkọ rẹ̀ máa ń bá ìwà rẹ̀ mu.

Antler kò sí lára ohun tí àwọn baba wa fi ọwọ́ kàn. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, apá àríwá pátápátá ni irú àgbọ̀nrín bẹ́ẹ̀ wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ní Àlgéríà àti Tùnísíà. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ìsàlẹ̀, kò sí ọ̀kan. Ẹtu, ìgalà, egbin àti ẹfọ̀n, àní àgbọ̀nrín inú igbó wa gan-an, ẹbí màlúù àti ewúrẹ́ ni gbogbo wọn, irú ìwo kan náà sì ni wọ́n ní. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá dé Orin Dáfídì kejìlélógójì, wọ́n fi àgbọ̀nrín dípò ẹran tí òùngbẹ omi ń gbẹ níbẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, nítorí òùngbẹ ni kókó ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ìwo. Láti ìgbà náà wá ni a ti ń fi àgbọ̀nrín túmọ̀ deer, ó sì ti di àṣà. Ohun tí a kò kíyè sí ni pé a ti fi ìwo ẹran ilé wa dé ẹran àlejò lórí.

Ní Kúbà nìkan ni mo mọ̀ tí ọmọ Yorùbá ti bá ìwo ẹlẹ́ka yìí pàdé tí ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Àwọn Lukumí a máa fi í sí ojúbọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, nítorí pé irú àgbọ̀nrín tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ti ẹ̀sìn, kò bí ìperí kankan fún wa nílé.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì

Ìwo màlúù ní ohun méjì nínú. Eegun kan yọ láti agbárí, ohun mìíràn sì wọ̀ ọ́ bí àkọ̀ ti ń wọ idà. Àkọ̀ yìí ni oníṣẹ́-ọnà ń fẹ́. Kẹ́rátìn ni wọ́n fi dá a, èròjà kan náà tí ó wà nínú èékánná, pátákò àti irun. Bí ẹran bá kú tí ìwo rẹ̀ sì jẹrà díẹ̀, àkọ̀ náà yóò yọ kúrò lára eegun, yóò sì ṣófo. Ìdí nìyí tí a fi lè rọ oògùn sínú ìwo, tí a sì fi lè fọn ọ́n. Kì í yọ ẹ̀ka, ó sì ń bá ẹran náà dàgbà títí ọjọ́ ikú. Iná máa ń mú kẹ́rátìn rọ̀. Nígbà tí ó bá tutù, yóò dúró bí a ti tẹ̀ ẹ́. Ní Yúróòpù àtijọ́, wọ́n máa ń là á sí pẹlẹbẹ tín-ínrín títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi là á kọjá, wọn a sì fi í ṣe ojú fìtílà dípò dígí.

Ti àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun ni láti ìta dé inú. Kùkùté méjì ni ó wà ní agbárí akọ, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa hù ní ìgbà tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Awọ onírun múlọ́múlọ́ ni yóò bò ó, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Kò sí eegun mìíràn lára ẹran-ọ̀sìn tàbí ẹran-ìgbẹ́ tí a mọ̀ tí ń yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀: lára àwọn àgbọ̀nrín ńlá, ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ní ọjọ́ kan. Nígbà tí ó bá le tán, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, awọ náà yóò kú, ẹran náà yóò sì máa ha á dànù lára igi. Ìwo náà ni yóò fi bá àwọn akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà ní àkókò gígùn. Lẹ́yìn èyí, yóò já bọ́, kùkùté yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdọọdún ni. Reindeer nìkan ni abo rẹ̀ náà ń hu irú ìwo bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ pé eegun ni lè rò pé kò yàtọ̀ sí eegun ẹsẹ̀ màlúù. Ó yàtọ̀. Ní 1979, J. D. Currey ti Yunifásítì York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àyẹ̀wò kan jáde tí ó ṣe lórí irú eegun mẹ́ta. Nínú ìwo àgbọ̀nrín pupa, èròjà líle tí ó dà bí òkúta jẹ́ nǹkan bí 59 nínú 100. Nínú eegun itan màlúù, ó tó 67. Nínú eegun etí ẹja àbùùbùtán, ó lé ní 86. Eegun etí náà ni ó le jù, òun náà ni ó sì rọrùn jù láti fọ́. Agbára tí a ní láti lò kí ìwo náà tó là ju ìlọ́po mẹ́ta ti itan màlúù lọ. Ìyà ìjà ni ìwo náà wà fún, nítorí náà ni ó ṣe máa ń tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ti mọ èyí ní ọwọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀

Ní Star Carr, ní agbègbè Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Grahame Clark wa ilẹ̀ láti 1949 títí di 1951, ó sì rí orí ọ̀kọ̀ eléyín ìkọ́ 191 tí wọ́n fi ìwo àgbọ̀nrín pupa ṣe ní ohun tí ó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ní irin. Akọ òkúta mímú ni wọ́n fi fa ìlà jíjìn méjì tí ó ń bá ara wọn rìn ní gígùn ìwo náà, títí ìlà fi kọjá ibi líle ìta dé ibi rírọ̀ inú. Wọ́n wá yọ pàǹtí tí ó wà láàárín ìlà méjèèjì bí a ti ń yọ ègé iṣu. Pàǹtí yìí ni wọ́n gbẹ́ di orí ọ̀kọ̀. Ọgbọ́n náà dúró lórí ohun kan ṣoṣo: pé ìta le, inú rọ̀. Ìwo màlúù kò ní irú inú bẹ́ẹ̀.

Àwọn onísẹ́ òòyà ìgbà àwọn Viking, ní Ribe ní Dẹ́ńmáàkì, ní Birka ní Súwídìn àti ní York, ni mo rò pé wọ́n mọ ohun-èlò yìí jù. Apá líle ìta náà kì í nípọn, nítorí náà kò ṣeé ṣe kí wọ́n gé odindi òòyà láti ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé pátákó wẹ́wẹ́ púpọ̀, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n fi ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì há wọn láàárín, wọ́n sì fi ìṣó irin kéékèèké dè wọ́n, tí wọ́n lu orí ìṣó náà bẹ̀rẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó fi ayùn là eyín òòyà. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú ayùn a máa ta sí ara ọ̀pá náà. Ohun tí ó wú mi lórí níbẹ̀ ni bí wọ́n ti ń kíyè sí ìtò okùn inú ìwo náà. Wọ́n gé pátákó wẹ́wẹ́ náà kí okùn inú rẹ̀ lè bá eyín òòyà rìn láti ìdí dé orí. Bí ó bá dábùú, eyín yóò kán ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ti gbẹ́ òòyà onígi nílẹ̀ wa kò nílò àlàyé lórí èyí.

Orúkọ tí ó tọ́ ti ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ níbí pẹ̀lú. Nítorí pé eegun ni, a lè yẹ okùn inú rẹ̀ wò láti mọ irú ẹran tí ó ni ín. Nínú iṣẹ́ kan tí a tẹ̀ jáde ní 2015, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn kan lára àwọn òòyà Ribe, ṣáájú òpin ọ̀rúndún kẹjọ, jẹ́ ti ìwo reindeer. Reindeer kò sí ní Dẹ́ńmáàkì nígbà náà. Láti àríwá, ní ìhà Nọ́wè, ni wọ́n ti gbé e wá lórí omi.

Títí di òní ni àwọn Sámi, tí ilẹ̀ wọn wà ní àríwá Nọ́wè, Súwídìn àti Fínlándì, ń fi ìwo reindeer ṣe èèkù àti àkọ̀ ọ̀bẹ. Àwọn ọjà wọn wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń lọ wò ní ọjà Jokkmokk tí ó ti ń ná lọ́dọọdún láti 1605. Ibi rírọ̀ inú ìwo ni wọ́n ń lu ihò sí kí irin ìdí ọ̀bẹ lè wọlé. Wọn a fi ojú ọ̀bẹ fín ìta rẹ̀, wọn a sì fi àwọ̀ tí ó ti ara èèpo igi wá pa ojú fínfín náà kí ó lè hàn. Ìhà gúúsù fẹ́ràn ìlà onígun, ìhà àríwá fẹ́ràn ewé àti òdòdó.

Ní ti iṣẹ́ ṣíṣe, omi tútù ni a ń rẹ ìwo yìí sí, kì í ṣe omi híhó. Bí ó bá ti wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, ojú rẹ̀ yóò gba ọ̀bẹ. Bí ó bá gbẹ, yóò tún le. Ó máa ń sún kì díẹ̀ bí ó ti ń gbẹ, nítorí náà ẹni tí ó bá fi ọ̀bẹ há a ní tútù yóò bá èèkù tí ó ti là. Ayùn, fáìlì àti òòlu ni irinṣẹ́ rẹ̀, wọn a sì fi ohun gbígbọ̀njẹ̀gẹ̀ dán an, bí àwọn tiwa ti ń fi ewé ìpín dán igbá àti igi. Ẹ̀kúukù rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó yẹ kí a bo imú àti ẹnu, kí a sì máa ta omi sí i. Òórùn rẹ̀ lábẹ́ ayùn dà bí ti eegun tí ń jó.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò sí ìdí tí a ó fi retí pé kí ó mú wa dé ilé iṣẹ́ oníṣẹ́-ọnà. A ní láti ṣe é fúnra wa.

"Ìwo àgbọ̀nrín" ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu. A kò lè gbà á, nítorí ìdí tí a ti sọ: ìwo tí àgbọ̀nrín tiwa ní, àkọ̀ kẹ́rátìn ni. Ọ̀rọ̀ náà yóò sọ òdì ohun tí a fẹ́ kí ó sọ fún ọdẹ tí ó ti pa ẹran rí.

"Ìwo ẹlẹ́ka" dùn létí, ó sì bá ojú mu. Ìtàn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń gbè é lẹ́yìn, nítorí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ nìkan ni antler ń tọ́ka sí ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó di orúkọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwo àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́ akọ ń hù kì í sábà ní ẹ̀ka. Bọ́tìnnì tí a gé láti ara rẹ̀ kò ní ẹ̀ka kankan. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ onímọ̀ ẹranko ni, kò tó fún oníṣẹ́-ọnà.

Àwọn kan dá a lábàá pé kí a sọ pé "ìwo abọ́", nítorí pé ó máa ń bọ́. Ẹran kan wà ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní pronghorn, àkọ̀ kẹ́rátìn ni ìwo rẹ̀, síbẹ̀ àkọ̀ náà ń bọ́ lọ́dọọdún. Bíbọ́ kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Ní ti "áńtílà", kò burú lẹ́nu ọlọ́jà, ṣùgbọ́n kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohunkóhun.

Ó wá ku "eegun-ìwo" àti "ìwo-eegun", ibí yìí sì ni gírámà ti ní láti ṣe ìdájọ́. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá tẹ̀lé ara wọn ní èdè Yorùbá, èyí tí ó ṣáájú ni olórí. Ní "eegun ẹ̀yìn" àti "eegun àyà", èkejì ń sọ ibi tí eegun wà. Nítorí náà "eegun ìwo" yóò jẹ́ eegun tí ó wà nínú ìwo, irú ohun bẹ́ẹ̀ sì wà: òun ni eegun tí àkọ̀ ìwo màlúù wọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ìyẹn. Ní "àga irin", "ṣíbí igi", "ilé amọ̀" àti "eyín wúrà", èkejì ń sọ ohun tí a fi ṣe èkíní. Irú èyí ni "ìwo-eegun": ìwo tí ó jẹ́ eegun. Ó pa èrò àwọn baba wa mọ́, pé ohun tí ó bá yọ lórí ìwo ni, ó sì fi ohun tí wọn kò rí kún un. Òun ni mo fara mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, fáwẹ̀lì "o" yóò di "e" níwájú "eegun". Nínú ìwé, kí a kọ ọ́ jáde lódindi pẹ̀lú àmì ìsopọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan méjèèjì pọ̀, a lè pe ti màlúù ní "ìwo-èékánná". Níbòmíràn, "ìwo" ti tó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni èyí ṣòro fún. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ ní Jámánì ń pe ohun-èlò náà ní Hirschhorn, ìwo àgbọ̀nrín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní Geweih fún un lórí ẹran. Hartshorn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe iyọ̀ àti oje olóòórùn líle tí wọ́n máa ń mú jáde láti ara rẹ̀ nínú iná. Èyí tí ó léwu jù fún wa ni ti Faransé. Bois ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe igi. Olùkọ́ Yorùbá ní Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ tí ó bá ń túmọ̀ ìwé iṣẹ́-ọnà láti èdè Faransé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbọ̀nrín yóò ru igi lórí.

Àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀

Kùkùté ni mo dá lábàá fún ibi tí ó ti ń hù ní agbárí, nítorí pé bí a bá gé igi, láti ibẹ̀ ni ó ti ń rúwé. Òrùka-ìdí ni kí a pe ohun gbágungbàgun tí ó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká. Ọ̀pá, ẹ̀ka àti ṣóńṣó kò fẹ́ àlàyé. Inú rẹ̀ kì í ṣe mùdùnmúdùn bí àwọn kan ti ń kọ ọ́; mùdùnmúdùn a máa rọ̀, ó ní ọ̀rá, a sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n inú ìwo-eegun tí ó ti gbó gbẹ, ó sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Eegun-kànìnkànìn ni ó bá a mu.

Ó ku awọ tí ó ń bò ó nígbà tí ó bá ń dàgbà. Velvet ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, aṣọ àrán sì ni ìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ pa àrán yóò mọ bí awọ náà ti rí, nítorí náà "awọ-àrán" yẹ ẹ́. Kí àwọn òǹtẹ̀wé má ṣe fojú fo àmì ohùn orí rẹ̀ o. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní "awọ-aràn", ẹni tí ń kà á yóò wá oògùn aràn fún àgbọ̀nrín tí ara rẹ̀ le koko.